Ta Ló Fi Aṣọ Orí Mi Kọ́ Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀?

Má dìde! Jókòó síbẹ̀! O ò ní dìde lónìí, fóònù yẹn ì báà máa ké bí ọmọ tuntun, jẹ́ kó ké, ẹni tó ń pè ẹ́ yóò tún pè, ṣùgbọ́n èmi ìyá ẹ tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, n kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó ẹ ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n lọ gbé ológbò wálé, ó wá ku èmi pẹ̀lú ẹ, kò sí àlejò láàárín wa, kò sí ẹni tí mo máa torí rẹ̀ rọra sọ̀rọ̀. Fèrèsé? Mo mọ̀ pé ó ṣí sílẹ̀! Èmi ni mo ṣí i. Ológbò kò sí nílé, ilé sì gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ kó tó dé, kí òórùn ògiri tútù yìí lè jáde. Ṣé o rí i pé mo rántí? Ṣé o rí i pé ọpọlọ mi ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí?

Ìgbàgbé! Háà! Ó ń yà mí lẹ́nu títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọmọ tí mo bí, tí mo fi ẹnu mi fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tí òtútù mú un, òun ló dúró níwájú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ àti télọ̀ ìsàlẹ̀ àti gbogbo ẹni tó sáré gòkè wá wòran, tó la ẹnu, tó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má bá wọn wí, àgbà ló dé, ìgbàgbé ni.” O tún fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́! Bí ẹni tó ń ṣàánú mi! Ì bá sàn kí o bú mi. Bí o bá bú mi, n ó bú ẹ padà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n o káàánú mi, o sì mọ̀, nínú ikùn ẹ lọ́hùn-ún o mọ̀ dájú, pé kì í ṣe èmi ni mo fi aṣọ orí mi kọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni.

Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìwọ ni.

O rò pé n kò mọ̀, àbí? Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo dákẹ́ ni. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ̀rù ló bà á, mo ní bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ yóò pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, yóò sọ ọ́. Ọkàn ẹ balẹ̀. O jẹun, o sùn, o ń hanrun tí ògiri ń mì, o wo bọ́ọ̀lù, o pariwo góòlù, o ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Kì í ṣe pé o purọ́, kò sí ọmọ tí kì í purọ́ fún ìyá rẹ̀, ìgbà tí o jẹ gbogbo ṣúgà inú agolo tán tí o ní èèrà ni, èmi kọ́ ni mo rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n irọ́ tí o pa yìí, èmi lo pa á mọ́. Orí mi lo pa á lé.

O ò rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ mí dà nínú ilé yìí ni? Ìyàwó ẹ, kó tó jáde lówùúrọ̀, á lọ pa gáàsì níbi ọrùn ìgò rẹ̀. Ó rò pé n kò rí i. Èmi tí mo fi igi dáná, tí mo fi èédú dáná, tí mo fi sítóófù oníkẹrosíìnì dáná, tí iná kò jó ilé mọ́ ẹnikẹ́ni lórí rí, èmi ni wọ́n ń pa gáàsì mọ́ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé! Lánàá ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màámi, ọjọ́ wo la wà lónìí?” Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní, “Ẹ káre.” Ẹ káre! Bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀sẹ̀ kọ́ ìrìn! Ó tún ní kí ni orúkọ ọmọ òun. Mo ní, ṣé ìwọ náà ti gbàgbé ni? Kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, n kò bínú sí i. Ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un ló gbà gbọ́.

Ọmọ náà wá ńkọ́? Ọmọ ẹ, ọmọ-ọmọ mi, tó jẹ́ pé àárín ẹsẹ̀ mi ló máa ń jókòó sí kí n di irun fún un, ó ti ní kí ìyá òun máa mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lójú àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà, “Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ológbò mi já bọ́ láti ojú fèrèsé.” Kò gbó mi lẹ́nu, kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ báyìí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Mo bojú wo ẹ̀yìn. Mo wò ọ́. Mo ní ọmọ mi yóò sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. O ń wo àjà ilé. Kí ló wà lókè àjà? Ta ló kọ ìdáhùn síbẹ̀ fún ẹ?

Mo tún gbọ́ yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ yín! Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí kò dùn mí. “Bóyá kí wọ́n kúkú lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin, wọ́n máa ń wà nílé lọ́hùn-ún, wọ́n á lè máa mójú tó wọn.” Ìyàwó ẹ ló sọ ọ́. Ìwọ ńkọ́? O ní, “Ká máa wò ó ná.” Ká máa wò ó ná! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ẹ tó lè parí gbogbo rẹ̀, ìwọ wá gbé e mì, o ní ká máa wò ó ná. Ṣìọ̀!

Gbé àpótí yẹn súnmọ́ mi. Ìyẹn tó wà lẹ́bàá àga. Mo fẹ́ tẹ́ aṣọ òwú sí i nínú, dókítà ní kí ibi tí yóò sùn má ga, kó má baà fò, nítorí ẹsẹ̀ tí wọ́n dì. Hẹn-ẹ́n. O ṣeun. Jókòó padà.

Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ní kí ológbò wọ ilé yìí. Irun lórí àga, irun lórí ìbùsùn, irun nínú tíì, mo kórìíra rẹ̀. Ọmọ ẹ ló sunkún títí tí télọ̀ fi fún un ní ọ̀kan nínú àwọn tí tirẹ̀ bí, ó kéré débi pé inú bàtà ẹ ló ń sùn. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlé, inú ilé ni yóò máa gbé, torí títì tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ nìyẹn, àwọn ajá ilé kejì nìyẹn, àwọn tó ń fi májèlé eku sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ yàrá wò láàárọ̀, á wọ tibí, á jáde lọ́hùn-ún, á dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tó ń béèrè ìdí tí oúnjẹ fi pẹ́, ni mo bá ń pè é ní Baálé. Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. O ní, “Màámi, èmi wá ńkọ́?” Mo ní baálé méjì kì í pọ̀ jù nínú ilé. Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún ẹ lónìí? Nínú Baálé méjèèjì, èyí tó nírù ni n kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Afẹ́fẹ́ yìí náà, èmi kò bá ìyàwó ẹ jà lé e. Òótọ́ ló sọ. Ògiri ilé yìí ń làágùn, dúdúdúdú ti ń hù ní kọ́nà yàrá ọmọ, ọmọ ń wúkọ́, a gbọ́dọ̀ máa ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ fẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n àjà kẹta la wà! Ológbò tó bá rí ẹyẹ lójú fèrèsé kì í ka àjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé òfin kalẹ̀. Kí ni òfin mi? Sọ ọ́. O ò ní sọ ọ́. Èmi á sọ ọ́ fún ẹ, èmi onígbàgbé.

Rírí kò tó, àfi fífọwọ́kàn. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. O ò ní sọ pé “mo rí i níbì kan ṣáá,” níbì kan ṣáá kọ́ ni à ń gbé. O máa mi agolo oúnjẹ rẹ̀, á sáré wá, o máa gbé e lọ́wọ́, o máa gbé e lọ sí balùwẹ̀ níbi tí omi rẹ̀ àti iyanrìn ìyàgbẹ́ rẹ̀ wà. O máa fa ilẹ̀kùn títí yóò fi dún kàú, torí pé bí kò bá dún, á ṣí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa bọ́ ìborí pupa mi, mo máa so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo máa ta á ní kókó. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ì báà jẹ́ ìwọ, ì báà jẹ́ ìyàwó ẹ, kó rí pupa, kó mọ̀ pé Baálé wà nínú ibẹ̀, kó má ṣílẹ̀kùn, kó máa ṣí fèrèsé bó ṣe wù ú. N kò mọ̀wé kọ, n kò lè lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, aṣọ ni ìwé tèmi. Bí a bá sì ti fẹ́ tú u sílẹ̀, a ó ti fèrèsé ná, a ó fi ọwọ́ tì wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó tú kókó. Ọjọ́ wo ló yẹ̀ rí? Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é, ọjọ́ wo ni ológbò jáde? Ẹ̀yin tí ẹ rántí, ẹ sọ fún mi!

Àwọ̀n ńkọ́? Àbí ti àwọ̀n náà, ìgbàgbé mi ni? Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí, pé kí o pe káfíńtà kó wá fi àwọ̀n onírin kan fèrèsé, èyí tó le. O ní àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn! Ṣé ẹ̀fọn ni Baálé ni? Ìgbà tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, èékánná rẹ̀ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń ṣe jálajàla títí dòní. Mo fi pákó dí fèrèsé kó má lè ṣí ju ìkúùkù lọ, o yọ pákó, o ní ó ń ba ilé jẹ́ lójú àwọn èèyàn ibi iṣẹ́ ẹ. O tún wá rẹ́rìn-ín, o ní, “Màámi, kí lẹ ń bẹ̀rù? Ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀.”

Ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀! Àdúrà ni wọ́n fi ń gbà, ìwọ lọ fi ṣe ìṣó kan fèrèsé. Òótọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kò balẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ló balẹ̀! Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi délẹ̀, orí sì tẹ̀ lé e, ni àgbọ̀n bá là sí méjì. Lọ wò ó nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, wáyà ni wọ́n fi rán an, omi ẹja ni wọ́n ń fi ìgò kékeré tọ́ sí i lẹ́nu, ẹran tó máa ń fọ́ egungun! Bí kì í bá ṣe ti páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó kọ́kọ́ gbà á, òkú ni ọmọ ẹ ì bá gbé. Télọ̀ ní ohun tó bọ́ lé páànù òun dún gbì bí àpò ìrẹsì, òun rò pé ọmọ èèyàn ni.

Jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ náà. Má mí kanlẹ̀ fún mi. N ó padà síbẹ̀ títí yóò fi yé ẹ.

Ìyá télọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé eékún òun wú, kí n wá bá òun fi omi gbígbóná jó o. Mo ń múra. Ìborí pupa wà lórí àga yìí, níbi tí o jókòó sí gan-an, torí pé dúdú ni mo wọ̀ jáde. Ìwọ ń wá bàtà ẹ káàkiri, o ń lọ sí ìpàdé ibi iṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Baálé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ ẹ o, ó ń sùn lórí àwọn súwẹ́tà, a ò tíì sé e mọ́ balùwẹ̀, bí o bá ń jáde má ṣí fèrèsé o.” Kí lo wí? O ní, “Mo ti gbọ́, Màámi.” O ti gbọ́! Mo fi ọmú tí o mu búra, o ní o ti gbọ́.

Mo jáde. Ìwọ náà jáde lẹ́yìn mi. Ìyàwó ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, ilé ń rùn bí inú àpótí, ó wo ọ̀nà balùwẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, aṣọ pupa wà lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Kí ni kó tún ṣe? Ó tẹ̀ lé òfin mi. Ó ṣí ti pálọ̀, ó ṣí ti yàrá ọmọ, ó ta àwọ̀n yíya yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sí ilé ìdáná. Baálé jí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó nara, ó rí ẹyẹlé lójú fèrèsé. Ó parí. Ṣé o rí i pé n kò dá ìyàwó ẹ lẹ́bi? Gbogbo ayé ń retí kí ìyá ọkọ gbógun ti ìyàwó, èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ bá a jà lé. Àmì mi ló rí, àmì mi ló gbà gbọ́. Ẹni tó purọ́ fún un pẹ̀lú aṣọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìwọ náà ti padà dé, ìyàwó ẹ ti pè ẹ́. Ìyàwó ẹ ní, “Màámi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ so aṣọ yín mọ́ ilẹ̀kùn ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ wá wò ó.” Mo lọ wò ó. Mo fọwọ́ kàn án. Ìwọ mọ ohun tí mo bá níbẹ̀? Wọn kò so ó. Wọ́n kàn gbé e kọ́ ibẹ̀ bí aṣọ ìnuwọ́ ni, kò sí kókó. Èmi tí mò ń ta kókó tí ọmọ ẹ fi máa ń sọ pé, “Màmá àgbà, ṣé olè ni balùwẹ̀ tó fẹ́ sá lọ ni?” Ó tutù rinrin. Ó ń ta òórùn ọṣẹ. Mo tú ìṣẹ́po rẹ̀, mo bá dúdú létí rẹ̀ kan, dúdú pólíìṣì bàtà, ẹni tó fọ̀ ọ́ fi ọwọ́ ra á, ó ràn, kò jáde.

Ta ló ń wọ bàtà dúdú nínú ilé yìí? Bàtà ìyàwó ẹ, funfun ni, bàtà nọ́ọ̀sì. Ọmọ ẹ ń wọ rọ́bà. Èmi ń wọ sálúbàtà. Àbí Baálé ló ń lọ sí ìpàdé?

O kò rí ìnubàtà, o mú ìborí ìyá ẹ lórí àga, o fi nu bàtà. Ojú wá tì ẹ́, o sáré fọ̀ ọ́, ìpàdé ń pè ẹ́, o fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tó súnmọ́ ẹ jù lọ, o fa ilẹ̀kùn, o lọ. Bó ṣe rí nìyẹn, àbí irọ́ ni mo pa? O ń fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Ìyẹn náà ti tó ìdáhùn.

Ọlọ́run ń gbọ́ mi, bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, n kì bá tí bínú. Aṣọ ni, mo ní òmíràn. Èèyàn ń kánjú, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí orí rẹ̀ kò rò, ta ni kò ṣẹlẹ̀ sí? Ì bá jẹ́ pé nígbà tí ìyàwó ẹ ń bi mí, o kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo sá aṣọ síbẹ̀, n kò rò ó,” kí ni à bá ṣe ẹ? Ìyàwó ẹ á bínú di alẹ́. Ọmọ ẹ á sunkún. Ní ìdájí, ọ̀rọ̀ á ti tutù. Ṣùgbọ́n o wo ojú ọmọ ẹ, o rí i pé ojú yẹn ń wá ẹni tó máa bínú sí, o wá fi ìka hàn án. O ní ìyá mi nìyẹn, òun ti gbó, ẹ gbé e rù ú. O rò pé arúgbó lè rù ú, pé kò ní pẹ́ tó fi máa sọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni!

Ṣé o mọ ohun tí o gbà lọ́wọ́ mi? N kò ní oko, n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo ní nínú ilé yìí kò ju pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá ní “fèrèsé ti tì,” ó ti tì. Bí mo bá ní “ọmọ ti jẹun,” ó ti jẹun. Ní báyìí, bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, wọn á lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi. Ọmọ ẹ bi mí ní àná pé ṣé mo ti lo oògùn mi, mo ní mo ti lò ó, ó lọ ka hóró rẹ̀! Ọmọ kékeré! Èmi fúnra mi, kí n má parọ́ fún ẹ, mo jí láàárọ̀ òní, mo dúró nínú ilé ìdáná, mo ní, àbí èmi ni mo so ó lóòótọ́? Ṣé o gbọ́? Irọ́ ẹ yẹn ti ń gun orí mi bọ̀. Mo ní láti lọ mú ìborí yẹn nínú báàgì, kí n tún dúdú etí rẹ̀ wò, kí ara mi tó balẹ̀. O fẹ́ sọ ìyá ẹ di ohun tí o pè é. Kàí!

Dìde báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kí o dìde. Ti fèrèsé yẹn. Àti èyí. Tì í títí yóò fi dún. Fi ọwọ́ tì í wò… ó dáa. Lọ sí yàrá ọmọ, ti tibẹ̀ náà. Mò ń gbọ́. Kò dún. Padà lọ. Hẹn-ẹ́n, ìyẹn dún. Wá. Afẹ́fẹ́ tí a gbà ti tó, wọn kò ní pẹ́ dé mọ́.

Gbọ́ ohun tí mo fẹ́. N kò ní kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi. N kò ní kí o ra aṣọ fún mi, má fi aṣọ dí mi lẹ́nu, n ó jù ú sílẹ̀ lójú fèrèsé, èyí gan-an kò ní balẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọmọ ẹ tó gbé Baálé sínú àpótí yìí, kí o jókòó tì í, kí o sọ fún un pé, “Èmi bàbá ẹ ni mo gbé aṣọ síbẹ̀. Màmá àgbà sọ fún mi pé ológbò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì gbọ́. Nígbà tí ìyá ẹ bi wọ́n, mo purọ́ pé ìgbàgbé ni.” Má fi “bóyá” sí i. Má fi “àṣìṣe wa” sí i, n kò sí nínú “wa” yẹn. Bí o bá ti sọ ọ́ fún ọmọ, ìyàwó ẹ wà níbẹ̀, òun náà á gbọ́, á ṣí gáàsì.

O ní kí ló dé tí èmi ò fi ti sọ ọ́ fúnra mi? Èmi! Kí n gbé aṣọ tútù dání, kí n máa sáré tẹ̀ lé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, “ẹ wo dúdú, ẹ wo dúdú”? Wọn á wo ara wọn. Ìyàwó ẹ á di ọwọ́ mi mú, á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi, ẹ jókòó.” Ẹni tí wọ́n ti ní orí rẹ̀ kò pé, bí ó bá ń wí àwíjàre, ẹ̀rí ni wọ́n máa fi ṣe. O ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ mi. Ìwọ nìkan ló lè là á.

Bí o kò bá sì sọ ọ́… N kò ní ṣépè fún ẹ, má sá. Ọmọ mi ni ẹ́, èpè tí mo bá ṣẹ́, ilé mi náà ni yóò padà sí. Ṣùgbọ́n báàgì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti dì í. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń lọ, kì í ṣe pé ẹ lé mi, èmi ni mo lọ. Ìwọ ni yóò sì máa wo ojú ọmọ yẹn lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà tó bá ń fún ológbò yẹn lómi ẹja, ìwọ á mọ̀, ìwọ nìkan á mọ̀, kò ní sí ẹni tí o máa rí gbé e rù mọ́.

Ẹsẹ̀ nìyẹn. Gbọ́! Wọ́n ti ń gòkè. Ọmọ ẹ nìyẹn tó ń sọ pé kí ìyá òun rọra, kí wọ́n má mì í.

Kí lo sọ? Gbé ohùn sókè, mo ní etí mi kò dùn mí, àmọ́ o ń kùn bí oyin. Kí ni? Pé kí n… pé kí èmi bá ẹ sọ ọ́ fún wọn? Pé ó máa rọ̀ létí ọmọ bó bá gba ẹnu mi jáde?

Hàháà! Hàhàháà! Ọlọ́run mi, gbà mí! Ẹ wo ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn! Ó gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí, ó tún fẹ́ yá ẹnu mi láti fi sọ ọ́! Kì í ṣe ẹkún ló ń bọ́ lójú mi o, ẹ̀rín ni. Háà! Ikùn mi!

Rárá o. Ìwọ lo bí ọmọ yẹn, èmi ni mo bí ìwọ. Kí oníkálukú bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ti bá tèmi sọ̀rọ̀ tán.

Lọ ṣílẹ̀kùn.